PÁÌPÙ ÀTI RỌ́Ọ̀DÙ, ÈWO LÓ LÁGBÁRA JÙ? ÌYÁ ALÁṢỌ ÀTI WẸ́DÀ GBÉ ẸJỌ́ WÁ

Lẹ́tà tó wọlé lọ́sẹ̀ yìí pọ̀ bí eéṣú. Àwọn kan ń bi wá léèrè ọ̀rọ̀ ìfẹ́, àwọn kan ń bi wá léèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ogún, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì, tí mo sì sọ fún ọ̀gá mi pé òun ni màá kọ́kọ́ dá lóhùn. Ìdí ni pé bí a ò bá tètè dá sí i, ìjà lè bẹ́ sílẹ̀, tàbí kí tàǹkì omi já lu ọmọ ọlọ́mọ lórí. Ìyá aláṣọ kan ló kọ ọ́ láti Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ ká jọ kà á:

"Ọ̀gbẹ́ni Oníròyìn, mo kí i yín. Mo gbé iṣẹ́ fún wẹ́dà kan ní àdúgbò wa pé kó bá mi ṣe sítáńdì tí màá gbé tàǹkì omi lé ní ẹ̀yìnkùlé. Lítà ẹgbẹ̀rún kan ni tàǹkì náà gbà. Mo sọ fún un pé irin gidi ni mo fẹ́, irin tí inú rẹ̀ kún. Mo sì san ìdajì owó. Nígbà tí mo tọjà dé, páìpù oníhò ni mo bá tó ti jó mọ́ra wọn. Àbúrò mi ọkùnrin fi òòlù gbá a, ó ń dún gbọ́n-gbọ́n bí agolo òfìfo. Ó ní afẹ́fẹ́ lásán ni wọ́n tà fún mi. Wẹ́dà ní èmi ò mọ nǹkan kan, pé páìpù lágbára ju irin tó kún lọ. Ṣé irú ọ̀rọ̀ báyìí ṣeé gbọ́ sétí? Ṣé ihò lè lágbára ju irin lọ ni? Mi ò tíì san owó tó kù, mi ò sì ní san án títí ẹ ó fi dá mi lóhùn. Èmi ni, Ìyá Aláṣọ, Ìbàdàn."

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o, ẹ kú ìnáwó. Ẹ kò ní ta àtàgbé. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Wẹ́dà tí ẹ ń bá fa ọ̀rọ̀ yìí kò kọ lẹ́tà sí mi, nítorí náà mo gba ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, mo ní kí wọ́n bá a rojọ́. Lẹ́yìn náà mo lọ tú ìwé fisíìsì tí mo lò nílé ìwé gírámà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbọn eruku rẹ̀ nù, mo jókòó tì í. Ohun tí mo bá bọ̀ nìyí: wẹ́dà kò parọ́ lórí ọ̀rọ̀ ihò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ò jẹ̀bi bí ẹ bá fura, torí pé ìta páìpù kì í sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ mi yé.

ÌBÉÈRÈ MÉJÌ LÓ WÀ NÍNÚ Ọ̀KAN

Bí ènìyàn bá ní páìpù àti rọ́ọ̀dù, èwo ló lágbára jù, ká kọ́kọ́ bi í pé: ṣé àwọn méjèèjì tóbi bákan náà ni, àbí wọ́n wúwo bákan náà? Ibẹ̀ ni gbogbo ìjà ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni kan ń sọ̀rọ̀ títóbi, ẹnì kejì ń sọ̀rọ̀ wíwúwo, àwọn méjèèjì á máa pariwo, òótọ́ ni àwọn méjèèjì sì ń sọ.

Bí wọ́n bá tóbi bákan náà, tí ìbú ìta wọn dọ́gba, rọ́ọ̀dù ló lágbára jù. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Irin tó wà lára rọ́ọ̀dù pọ̀ ju ti páìpù lọ. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe jù ú tó? Ẹ gbọ́ èyí, ẹ ó yà ẹnu. Ká ní a mú rọ́ọ̀dù kan, a wá lu ihò sí inú rẹ̀ láti orí dé ìdí, tí ìbú ihò náà sì jẹ́ ìdajì ìbú rọ́ọ̀dù. Irin tó kúrò nínú rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Bó bá jẹ́ kílò 40 tẹ́lẹ̀, ó ti di kílò 30. Ẹ ó rò pé agbára rẹ̀ náà á dín ní ìdá kan nínú mẹ́rin, àbí? Rárá o. Ìdá kan nínú 16 péré ló dín. Bí rọ́ọ̀dù yẹn bá ń ru kílò 160 kó tó wọ́, oníhò yìí á ru kílò 150. Kílò irin 10 lọ, agbára tó bá a lọ kò tó nǹkan. Kí wá ni irin àárín yẹn ń ṣe níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí?

Bí wọ́n bá sì wúwo bákan náà ńkọ́? Ibí yìí ni wẹ́dà ti gba ẹ̀bùn. Ẹ jẹ́ ká mú rọ́ọ̀dù mílímítà 20, èyí tí àwọn bíríkìlà mọ̀ dáadáa. Mítà kan rẹ̀ wọn bíi kílò 2.47. Ká ní a mú irin yẹn gan-an, a ò fi kún un, a ò yọ nínú rẹ̀, a wá sọ ọ́ di páìpù tí ìbú ìta rẹ̀ jẹ́ mílímítà 40. Ara páìpù náà á nípọn tó bíi mílímítà 2.7. Kílò kan náà ni wọ́n. Ẹ gbé àwọn méjèèjì dábùú sórí bulọ́ọ̀kù méjì, kẹ́ ẹ gbé ẹrù kan náà lé wọn láàárín. Bí rọ́ọ̀dù bá tẹ̀ sílẹ̀ ní mílímítà 7, mílímítà kan péré ni páìpù á tẹ̀. Bí ẹrù bá ń pọ̀ sí i títí tí rọ́ọ̀dù fi wọ́ tí kò lè nà padà mọ́, páìpù á ru ẹrù yẹn ní ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀ kí òun náà tó wọ́. Èmi kọ́ ló sọ ọ́, ìṣirò ló sọ ọ́, ìṣirò kì í sì í gba rìbá.

Ọ̀LẸ TÓ DÚRÓ LÁÀÁRÍN OKO

Kí ló fà á? Ẹ mú ọ̀pá kan, kẹ́ ẹ gbìyànjú láti tẹ̀ ẹ́. Òkè rẹ̀ ń fún pọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń nà. Bí òkè ṣe ń fún pọ̀ tí ìsàlẹ̀ ń nà yìí, àárín gbùngbùn rẹ̀ ńkọ́? Kò fún pọ̀, kò sì nà. Ó kàn wà níbẹ̀ ni. Ẹ fi wé oko ọ̀wẹ̀. Àwọn tó wà létí oko ń yọ òógùn, ọkọ́ ń lọ sókè sódò. Ẹnì kan wá dúró sáàárín, ó kó ọwọ́ sápò, kò ro kọ́bọ̀. Nígbà tí oúnjẹ bá dé, iyán rẹ̀ ò ní kéré sí ti ẹnikẹ́ni. Irin àárín rọ́ọ̀dù nìyẹn. A ń fi owó rà á, a ń fi orí rù ú, iṣẹ́ tó ń ṣe kò tó nǹkan.

Nǹkan kejì tún wà. Bí irin bá ṣe jìnnà sí àárín tó ni agbára rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ lọ ti ilẹ̀kùn yín lẹ́bàá ibi tí ìdè rẹ̀ wà, ẹ ó rí i pé ẹ máa fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún kó tó ṣí. Ẹ wá tì í létí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà, ìka kan ti tó. Ọwọ́ kan náà, ilẹ̀kùn kan náà, jíjìnnà sí ìdè ló fa ìyàtọ̀. Ẹni tó ṣe páìpù ti lé ọ̀lẹ kúrò láàárín, ó rán an lọ sétí oko níbi tí iṣẹ́ wà. Kì í ṣe ihò ló lágbára, Ìyá wa. Irin ni. Ihò kàn fún irin láàyè láti dúró síbi tó ti wúlò ni.

Bí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ìwé ìròyìn yìí náà tó fi dánrawò. Ẹ ya ojú ewé kan nínú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya tèmi o, ẹ ya ti ìpolówó ọjà. Ẹ tẹ́ ẹ sórí agolo méjì tó jìnnà síra díẹ̀. Á sọ ikùn sílẹ̀, á já bọ́. Ẹ wá ká ìwé yẹn kan náà mọ́ ìdí ọmọ odó tó tín-ín-rín tàbí igi ìgbálẹ̀, kẹ́ ẹ yọ igi náà kúrò, kẹ́ ẹ fi okùn dì í kó má tú. Ẹ gbé e dábùú padà. Á dúró gbọnrangandan, ẹ sì lè fi kọ́kọ́rọ́ ilé kọ́ ọ láàárín. Ìwé kan náà ni, kò fi ẹyọ kan wúwo sí i.

IGI ÌBẸ́PẸ ÀTI EEGUN ADÌYẸ TI MỌ̀ Ọ́N TIPẸ́

Ẹ má rò pé òyìnbó ló kọ́kọ́ mọ ọgbọ́n yìí. Ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ tí a fi ń fẹ́ omi ọṣẹ nígbà tí a wà lọ́mọdé, ihò ni inú rẹ̀, ó sì ń gbé ewé ńlá ńlá dúró nínú afẹ́fẹ́. Ọparun tí àwọn kọ́lékọ́lé fi ń ṣe àtẹ̀gùn nínú Èkó, tí wọ́n fi ń gbé dẹ́kì ró kí kọ́ǹkéré tó gbẹ, ihò ni. Kódà ó ní oríkèé tó pín inú rẹ̀ sí yàrá yàrá, kí ara rẹ̀ má bàa tẹ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́ nígbà tí ẹrù bá pọ̀. Ìyẹ́ ẹyẹ, ihò ni. Ẹ fọ́ eegun apá adìyẹ lọ́jọ́ ọdún, ẹ ó rí ihò. Eegun itan tiwa náà, ìta ló le, inú rẹ̀ ni mùdùnmúdùn wà. Bó bá jẹ́ pé Ẹlẹ́dàá fi eegun kún inú rẹ̀ délẹ̀ ni, ẹsẹ̀ wa á wúwo ju bó ṣe wà yìí lọ.

Ọ̀gbẹ́ni kan ní ilẹ̀ Ítálì, Galileo Galilei, ló jókòó tí ọ̀rọ̀ yìí tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé kan tó jáde ní 1638 ní ìlú Leiden. Àkókò náà, wọ́n ti sé bàbá arúgbó yìí mọ́lé láti 1633, nítorí ó ní ayé ló ń yí oòrùn ká. Wọ́n sé e mọ́lé, wọn ò rí ọpọlọ rẹ̀ sé. Ó wo eegun ẹyẹ, ó wo esùsú, ó tún wo pòròpórò ọkà wíìtì tó ru ọmọ tó wúwo ju ara rẹ̀ lọ. Ó ní bó bá jẹ́ pé ohun tó wà lára pòròpórò yẹn la kó jọ di ọ̀pá tó kún, kò ní lè ru ẹrù tó ń rù yẹn.

Àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà fi ṣiṣẹ́. Afárá ojú irin kan wà ní Scotland tí wọ́n ń pè ní Forth Bridge. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 1890 ni wọ́n ṣí i, ọkọ̀ ojú irin ṣì ń gba orí rẹ̀ kọjá títí dòní. Ẹ wo bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ lára rẹ̀. Àwọn apá ńlá tí ẹrù ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, páìpù ni wọ́n fi ṣe é, ìbú àwọn tó tóbi jù nínú wọn sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12. Ọkùnrin méjì tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà mẹ́fà lè dúró lórí ara wọn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn apá tí ẹrù ń fà, wọn ò fi páìpù ṣe wọ́n. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ṣì ń bọ̀ wá bá a.

Nílé wa níbí ńkọ́? Kẹ̀kẹ́ ológeere Raleigh tí àwọn bàbá wa fi ń gbé kòkó lọ sọ́jà, páìpù ni gbogbo egungun rẹ̀. Ẹnu ò ya ẹnikẹ́ni nígbà náà. Bí wọ́n bá fi irin tó kún ṣe é, ṣé bàbá á gun kẹ̀kẹ́ ni, àbí kẹ̀kẹ́ á gun bàbá?

ẸSẸ̀ SÍTÁŃDÌ ŃKỌ́?

Ìyá wa lè sọ pé, "Oníròyìn, tèmi kì í ṣe ohun tó dùbúlẹ̀ sórí bulọ́ọ̀kù, ẹsẹ̀ tó dúró ni." Ó dáa. Ẹ fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, ẹ gbé e dúró sórí tábìlì, kẹ́ ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ lórí. Kì í fọ́, kì í rún. Ńṣe ló máa yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó máa tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Bí ẹsẹ̀ gígùn ṣe máa ń yẹ̀ nìyẹn, Leonhard Euler, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, sì ti ṣírò rẹ̀ sílẹ̀ láti 1744. Ẹsẹ̀ tó bá gùn, tó sì tín-ín-rín, bó ṣe le láti tẹ̀ ló ń pinnu ẹrù tó máa rù. Nítorí náà, rọ́ọ̀dù mílímítà 20 àti páìpù mílímítà 40 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, tí wọn wúwo bákan náà, bí gígùn wọn bá dọ́gba, páìpù á ru ìlọ́po méje ohun tí rọ́ọ̀dù ń rù kó tó yẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Lítà omi kan, kílò kan ni. Tàǹkì lítà ẹgbẹ̀rún kan tó bá kún, ó jẹ́ kílò ẹgbẹ̀rún kan, ìyẹn ni pé 20 àpò sìmẹ́ǹtì ló wà lókè yẹn, lórí ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré, tí ìyàwó ilé ti ń fọ abọ́. Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

IBI TÍ RỌ́Ọ̀DÙ TI Ń JẸ́ Ọ̀GÁ

Ẹ má wá torí ohun tí mo sọ yìí lọ da rọ́ọ̀dù nù o. Mo ní kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ afárá Forth sọ́kàn. Bí wọ́n bá kàn ń fa irin ní tààrà, bí ẹ̀wọ̀n, bí okùn wáyà tó ń gbé ẹrù sókè, kò sí ọ̀lẹ níbẹ̀ mọ́. Gbogbo irin láti etí dé àárín ló ń ṣiṣẹ́ bákan náà. Iye irin tó bá wà níbẹ̀ ni agbára rẹ̀. Páìpù kò ní èrè kankan níbẹ̀. Ìdí rèé tí rọ́ọ̀dù inú kọ́ǹkéré fi gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó kún. Kọ́ǹkéré lè gba ìtẹ̀mọ́lẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fà á, á sán. Rọ́ọ̀dù ló ń bá a gba fífà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun fẹ́ fi páìpù ṣe rọ́ọ̀dù dẹ́kì fún yín láti fi dín owó kù, ẹ lé e jáde nínú ọgbà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tí a ń fi òòlù lù àti ohun tó ń wọ àyè tóóró: ìṣó, bóòtù, ṣísù, ọ̀pá tí àwọn bokanáísà fi ń yọ táyà. Àyè ò sí níbẹ̀ láti fẹ̀ sí i, agbára sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Rọ́ọ̀dù ni ọ̀gá.

Dẹ́rẹ́bà kan náà kọ̀wé láti Ṣàgámù. Ó ní mẹkáníìkì tú ṣáàfù gígùn tó wà lábẹ́ lọ́rì òun, èyí tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí ẹ̀yìn, nígbà tó sì já bọ́ sílẹ̀ ó dún bí agogo. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n fi irin tó kún rọ òmíràn fún òun. Bọ̀dá Dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ṣáàfù yín ń lọ́ ni, bí ìgbà tí ènìyàn ń fún aṣọ, irin tó wà láàárín kì í sì í ní ọwọ́ púpọ̀ nínú lílọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó ń yí ní eré burúkú. Irin tó kún tó sì gùn bẹ́ẹ̀, ìwúwo ara rẹ̀ á jẹ́ kó sọ ikùn sílẹ̀, bó bá wá ń sáré á máa gbọ̀n jìgìjìgì, títí tó fi máa já sí títì. Ẹ ra èyí tó yẹ lọ́rì yín, kẹ́ ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

IBI TÍ Ẹ̀TÀN Ń SÁ PAMỌ́ SÍ

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n kọjú sí ohun tó yẹ kí Ìyá Aláṣọ bẹ̀rù ní tòótọ́. Kì í ṣe ihò. Fífẹ́lẹ́ ni. Páìpù kò lè máa fẹ̀ títí kí ara rẹ̀ sì máa fẹ́lẹ́ títí. Ó ní ibi tó máa dé, á di agolo mílíìkì. Ẹ mọ bí agolo ṣe máa ń rí: bí kò bá ní àbùkù, ó lè ru ẹrù díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi ìka tẹ ìkùn rẹ̀ wọlé díẹ̀, ó parí, á rún wọ̀ọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Páìpù tí wọ́n ń pè ní ínṣì méjì, ìbú ìta rẹ̀ tó bíi mílímítà 60. Bí ara rẹ̀ bá nípọn ní mílímítà 3.6, gígùn mítà mẹ́fà rẹ̀ á wọn nǹkan bíi kílò 30. Bí ara rẹ̀ bá jẹ́ mílímítà 1.8, kò ní pé kílò 16. Agbára rẹ̀ kò sì ní ju ìdajì àti díẹ̀ lọ. Ẹ gbé àwọn méjèèjì dúró ti ògiri, kun wọ́n ní ọ̀dà kan náà, kí ẹ bo orí wọn, ojú ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ibẹ̀ ni oníjìbìtì ti ń jẹun. Rọ́ọ̀dù tí ẹ bá rí, ohun tí ẹ rí náà ni. Páìpù tí ẹ bá rí, ó ku ohun tó wà nínú.

Àbúrò yín ló fi òòlù gbá a. Dídún kì í ṣe ẹ̀rí. Páìpù tó dáa ń dún, èyí tí kò dáa náà ń dún. Òṣùwọ̀n ló mọ òótọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ìṣirò, ọ̀nà ẹ̀bùrú rèé: ẹ yọ nínípọn ara páìpù kúrò nínú ìbú ìta rẹ̀, ẹ fi nínípọn náà ṣe ìlọ́po ohun tó kù, kẹ́ ẹ wá fi 0.0247 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ẹ bá lo mílímítà, ohun tó jáde ni kílò tí mítà kan irin náà gbọ́dọ̀ wọn. Bí ohun tó wà lórí òṣùwọ̀n bá fi púpọ̀ kéré sí i, ẹ ti mọ irú ẹni tí ẹ ń bá dòwò pọ̀.

Ọ̀tá kejì ni ìpẹtà. Bí ìpẹtà bá jẹ mílímítà kan lára rọ́ọ̀dù mílímítà 20, ó ṣì ku púpọ̀. Bó bá jẹ mílímítà kan lára páìpù mílímítà 1.8, ó ti jẹ ju ìdajì lọ. Inú ló sì ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí ojú ò tó, tí búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà ò lè dé. Ìta ń dán, inú ti dógùn-ún. Ìdí rèé tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ fi irin dí orí páìpù pa, kí òjò má rí ọ̀nà wọlé, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má sì dúró nínú omi.

Ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ̀yin ọ̀gá mi, ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹ̀yin náà, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ iṣẹ́. Bí ẹ bá ń dí ojú páìpù méjèèjì pa, ẹ fi ihò kékeré kan sílẹ̀ títí iná á fi tán, kẹ́ ẹ tó dí i. Afẹ́fẹ́ tó há sínú irin tó gbóná, ó ń wá ọ̀nà jáde ni, ojú ọmọ iṣẹ́ ló sì lè gbà. Ẹ má lu ihò sáàárín ẹsẹ̀ sítáńdì láìnídìí, ẹ má sì fi òòlù tẹ orí páìpù pẹ̀lẹ́bẹ́ kẹ́ ẹ tó jó o. Ibi tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, agbára tí a ń yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀.

ÌDÁJỌ́ MI RÈÉ

Ìyá wa, ẹ pe wẹ́dà yẹn pẹ̀lú sùúrù, kẹ́ ẹ má kí i pẹ̀lú èébú. Ẹ ní kó mú gígé páìpù tó kù wá, kẹ́ ẹ wo ẹnu rẹ̀, kẹ́ ẹ wọn nínípọn rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ẹ wò ó bóyá àwọn ọ̀pá ìdábùú wà tó gba ìgun kan dé ìgun kejì, torí ẹsẹ̀ mẹ́rin tí kò di ara wọn mú, irin yòówù tí wọ́n fi ṣe é, á fì. Ẹ wò ó bóyá wọ́n dí orí páìpù, bóyá kọ́ǹkéré wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá gbé tàǹkì lé e, ẹ má bu omi kún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ pọn ọn dé ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò nítòsí, ẹ wò ó di ọjọ́ kejì. Bí kò bá yẹ̀, ẹ fi kún un díẹ̀díẹ̀.

Bó bá yege, ẹ san owó ọmọ ọlọ́mọ fún un láìyọ kọ́bọ̀, kẹ́ ẹ sì fún un ní omi tútù mu, torí iṣẹ́ gidi ló ṣe. Bí ara páìpù bá fẹ́lẹ́ bí agolo, kó tú u, kó ṣe òmíràn, kò sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ fisíìsì dí yín lẹ́nu. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi bá wẹ́dà wí láìsí àní-àní: ẹ ti sọ fún un pé irin tó kún ni ẹ fẹ́. Bó bá rí i pé páìpù ló dáa jù, ó yẹ kó wá sọ fún yín kó tó tan iná, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ tọjà dé. Ẹni tó mọ iṣẹ́ tí kò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún oníbàárà, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ iṣẹ́ ẹ̀ di jìbìtì lójú ayé.

Ẹ̀yin yòókù tẹ́ ẹ ní irú ẹjọ́ báyìí, yálà ti irin, ti igi, ti bulọ́ọ̀kù, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́, kẹ́ ẹ kọ ọ́ kó ṣeé kà, ojú ń dun èmi ọmọ yín. Wẹ́dà Ìbàdàn, bí ìwọ náà bá ka èyí, kọ tìrẹ wá, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde láìyọ nǹkan kan níbẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ohun tí a gbé sókè já lù wá.